Ògiri etíkun tàbí apá òkúta: kí ni ká béèrè fún ní Òkun Alfa?

Akọ̀wé Òkun Alfa béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀gá onímọ̀, mo kí yín o. Òkun Alfa lójú ọ̀nà Lẹkki ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ibẹ̀ náà ni a sin àwọn òbí mi sí. Ẹni tó bá wá ṣe fàájì létíkun wa ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn yóò rántí bí iyanrìn ibẹ̀ ṣe fẹ̀ tó: àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ láìsí pé omi kan ẹsẹ̀ wọn, àwọn ìyá wa ń ta ẹja yíyan lábẹ́ igi àgbọn, ọ̀nà ọlọ́dà kan sì wà láàrin abúlé àti òkun tí mọ́tò ń gbà. Ọ̀nà náà ti wọ inú òkun lọ. Àgbọn tí bàbá mi gbìn ti wó lọ́kọ̀ọ̀kan, gbòǹgbò méjì tó rọ̀ dirodiro ni ó ṣẹ́ kù. Láti oṣù Keje títí di oṣù Kẹsàn-án lọ́dọọdún, pàápàá nígbà tí òṣùpá bá lé tuntun tàbí tó bá yọ kíkún, oorun kì í kun ojú wa, nítorí a kò mọ òru tí omi yóò kan ilẹ̀kùn.

Ẹgbẹ́ onílé àti àwọn ìjòyè baálẹ̀ ti pinnu láti kọ ìwé sí ìjọba ìpínlẹ̀, èmi ni wọ́n sì gbé kálámù lé lọ́wọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ohùn wa kò ṣọ̀kan. Àwọn kan, tí àwọn ọ̀dọ́ pọ̀ jù nínú wọn, ń fẹ́ kí á béèrè fún ògiri gíga bí irú èyí tó wà níwájú Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n ń kọ́ sórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òkun ní Victoria Island, kí wọ́n sì ṣe ọ̀nà ìgbafẹ́ sórí rẹ̀ pẹ̀lú ìjókòó àti iná, kí àlejò lè padà wá, kí ọjà sì tún tà. Àwọn àgbà apẹja ní ògiri yóò sé ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ àwọn, pé àwọn apá òkúta tí wọ́n máa ń nà wọnú òkun, èyí tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní groyne, ni àwọn fẹ́. Ẹnì kan tilẹ̀ dìde, ó ní kí ìjọba kàn kó iyanrìn dà síbẹ̀, kó tán. Mo ti gbọ́ tẹnu gbogbo wọn, n kò sì lè dá ẹjọ́ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye: èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó lè dúró, kí sì ni ó yẹ kí ìwé wa béèrè gan-an, kí ó má baà jẹ́ pé ohun tí a fi ẹnu ara wa tọrọ ni yóò pa wá lára?

Ẹnjiníà Èbúté fèsì pé:

Akọ̀wé, ẹ kú làálàá ìlú. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ èbúté àti etíkun ni mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe. Kí n tó dáhùn ohun tí ẹ béèrè, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí iyanrìn yín gbà lọ, nítorí ẹni tí kò bá mọ ihò tí omi ti ń jò nínú agbè, bó pọnmi títí, kò lè kún.

Iyanrìn etíkun Èkó kì í jókòó sójú kan. Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ìgbì ti ń wá, ó sì máa ń dábùú díẹ̀ nígbà tó bá ń gun ilẹ̀; bó bá ti ru iyanrìn sókè, á tì í sí ìhà ìlà-oòrùn, á fà á padà, á tún tì í. Báyìí ni iyanrìn ṣe ń rìn láti ìhà Badagry lọ sí ìhà Lẹkki láti ayébáyé, ohun tó sì ń kọjá lọ́dún kan lé ní ìdajì mílíọ̀nù kúbíìkì mítà. Ohun tó kúrò níwájú ilé yín lónìí, òmíràn ni ó yẹ kó wá rọ́pò rẹ̀ lọ́la.

Bar Beach tí gbogbo wa mọ̀ ní Victoria Island, òkìtì iyanrìn tó dábùú ẹnu ọ̀nà ọ̀sà Èkó ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Òun ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ òkun ńlá wọlé láyé àtijọ́, tó fi jẹ́ pé òde ni ọkọ̀ ńlá ń dúró sí, tí wọ́n á máa fi ọkọ̀ kéékèèké kó èrò àti ẹrù wọ ìlú. Ní 1908 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ògiri òkúta méjì tí wọ́n nà wọnú òkun ní ẹnu ọ̀nà náà, kí ọ̀nà ọkọ̀ lè jìn. Láti Àró ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú irin kó òkúta wá, nítorí Èkó kò ní àpáta kankan. Ọkọ̀ rí ọ̀nà wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni iyanrìn tó ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ ti ń kọsẹ̀ lára ògiri yẹn tó sì ń dúró síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí etíkun Lighthouse fi ń sanra, tí Bar Beach tó wà ní òdì kejì fi ń rù. Láàrin 1900 sí 1959, ilẹ̀ tí òkun jẹ lẹ́bàá ògiri ti ìlà-oòrùn lé ní kìlómítà kan.

Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó ní kí wọ́n kàn kó iyanrìn dà síbẹ̀ pé ìjọba ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ní 1974 sí 1975, wọ́n da mílíọ̀nù 3 kúbíìkì mítà sí Bar Beach. Ní 1981, mílíọ̀nù 2. Ní 1985 sí 1986, mílíọ̀nù 3 mìíràn. Ní 1990 sí 1991, mílíọ̀nù 5. Bí típà kan bá ń gbé kúbíìkì mítà 15, ìgbà 200,000 ni yóò lọ kó tó kó mílíọ̀nù 3 tán. Gbogbo rẹ̀ ni òkun kó lọ. N kò sọ pé iyanrìn dídà kò dára o; oògùn tí a ń lò lóòrèkóòrè ni, bíi ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí kò bá ní owó àtúnlò kò gbọdọ̀ fi òun nìkan gbẹ́kẹ̀ lé.

Ó wá ku ògiri. Ògiri kì í mú iyanrìn wá. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ni ó ń ṣọ́. Bí ó bá dúró ṣánṣán bí ògiri ilé, ìgbì tó bá kọlù ú yóò padà sẹ́yìn pẹ̀lú agbára, yóò sì máa wa iyanrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ìpìlẹ̀ yóò fi hàn. Bí iwájú ògiri bá ti ń jìn ni ìgbì tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò máa tóbi sí i, nítorí ilẹ̀ tó ga níwájú ni ó ń fọ́ ìgbì kó tó dé. Nítorí ìdí èyí ni wọ́n kò fi ṣe ti Eko Atlantic bí ògiri ilé: òkúta ni wọ́n tò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kéékèèké nísàlẹ̀, ńlá lókè, wọ́n wá fi kọnkéré oníwo, tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 5 lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, bò ó lójú, kí omi lè wọ àárín wọn kó sì rẹ̀ síbẹ̀. Kìlómítà 8.5 ni gígùn tí wọ́n pète fún un. Ẹ ronú sí iye owó tí èyí ń náni, kí ẹ wá bi ara yín léèrè bóyá ìjọba yóò ná an nítorí abúlé apẹja. Ó dùn mí láti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn.

Ní ti apá òkúta, òun ní tirẹ̀ máa ń dá iyanrìn tó ń rìn dúró, etíkun á sì fẹ̀ láàrin apá kan àti èkejì. Ètò tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé kalẹ̀ láti ìhà Eko Atlantic lọ sí ìlà-oòrùn jẹ́ apá 18, mítà 400 sí ara wọn. Ìhà ọ̀dọ̀ yín ni ó forí lé. Ewu rẹ̀ wà níbi tó parí sí: ẹni tó wà lẹ́yìn apá tó gbẹ̀yìn ni ebi iyanrìn yóò pa jù. Mo ń bẹ̀ yín, kí ẹ tó béèrè ohunkóhun, ẹ wádìí ibi tí apá tó gbẹ̀yìn yóò wà sí ilé yín.

Ọmọ Ìlàjẹ fèsì pé:

Ẹnjiníà, ẹ ṣeun, ẹ ti là wá lóye. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un láti ìhà tiwa, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí ní Oǹdó má baà ro pé ohun tó bá Èkó mu ni yóò bá gbogbo etíkun mu. Ayétòrò ni ìlú mi. Àwọn onígbàgbọ́ tó dá a sílẹ̀ ní 1947 fi iṣẹ́ ọwọ́ àti àpapọ̀ ìní gbé e dìde lórí omi, ìlú tó ní iná mọ̀nàmọ́ná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá kò tíì ní in. Ibi tí ilé ìyá ìyá mi wà tẹ́lẹ̀, àfi kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi kí ẹ tó lè na ọwọ́ sí i. Ilé, ṣọ́ọ̀bù, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ibojì ni òkun ti kó lọ lọ́dọ̀ wa, a ti ṣí sẹ́yìn títí a fi ń sún mọ́ irà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ẹrẹ̀ ni etíkun tiwa, láti ìhà Máhìn lọ. Ẹrẹ̀ kì í gbára jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá òkúta bí iyanrìn ṣe ń gbára jọ. Bí ìgbì bá ti rú u, omi ni yóò gbé e lọ bí ẹ̀kọ tí kò dì. Òkúta tí a bá sì kó lé ẹrẹ̀ láìkọ́kọ́ tẹ́ nǹkan tó lè gbé e ró sábẹ́ rẹ̀, yóò máa rì díẹ̀díẹ̀ ni. Nítorí náà, Akọ̀wé, ẹ jẹ́ kí ìwé yín béèrè pé kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ wò lójú òkun àti lórí ilẹ̀ kí wọ́n tó ya àwòrán kankan, kí èsì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ìlú.

Ìkejì rẹ̀ tún wà. A ti rí i rí lọ́dọ̀ wa pé wọ́n gbé iṣẹ́ ìdáàbòbò etíkun fún agbaṣẹ́ṣe, wọ́n ri pátákó mọ́lẹ̀, àwọn àgbà wa gbàdúrà, àwọn ọmọ jó, ọdún sì ń gorí ọdún láìsí òkúta kan lójú omi. Ìyà ìrètí yẹn burú ju ti òkun lọ, nítorí àwọn kan nínú wa tó ti fẹ́ kó kúrò ló jókòó tì í. Ẹ má ṣe gba ìlérí láìgba àwòrán iṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n dá orúkọ àwọn ọmọ ìlú mọ́ ìgbìmọ̀ tí yóò máa yẹ iṣẹ́ wò, kí owó sì máa tẹ̀lé iye mítà tí wọ́n bá ti ṣe tán.

Ìyá Ìbejì Southsea fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, mo kí yín láti Portsmouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Southsea ni mo ń gbé, ọ̀nà ìgbafẹ́ etíkun ibẹ̀ ni mo máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́, mo sì ti ń wo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe síbẹ̀ láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020. Nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ yín mẹ́nu ba ọ̀nà ìgbafẹ́, mo rò pé ohun tí ojú mi rí yóò wúlò.

Erékùṣù ni ọ̀pọ̀ jù lọ ìlú Portsmouth, ilẹ̀ rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Ògiri àtijọ́ tó wà létíkun ti gbó. Bí ìjì ìgbà òtútù bá dé, ihò á lu sí i, wọ́n á dí i, ihò mìíràn á tún lu. Ni ìjọba ìbílẹ̀ bá gbé iṣẹ́ kan dìde tó gùn ní kìlómítà 4.5, láti Old Portsmouth títí dé Eastney, pẹ̀lú owó tó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù pọ́n-ùn, láti dáàbò bo ilé tó lé ní 10,000. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé kì í ṣe ògiri kan náà ni wọ́n mọ láti òpin dé òpin. Níwájú ilé olódi tí Ọba Henry Kẹjọ kọ́ ní 1544, òkúta ńlá àti àtẹ̀gùn kọnkéré tó fẹ̀ ni wọ́n lò. Níbi tí àyè wà, wọ́n gbé ọ̀nà ìgbafẹ́ fúnra rẹ̀ ga, wọ́n sì ṣètò láti mú etíkun níwájú rẹ̀ fẹ̀, kí òun alára máa fọ́ ìgbì.

Ẹ ò rí i pé ọ̀nà ìgbafẹ́ yẹn, ara ògiri ni. Wọn kò ṣe é bí ọ̀ṣọ́ tí a fi lé ògiri lórí nígbà tí iṣẹ́ ti parí. Àtẹ̀gùn tí àwọn ènìyàn ń jókòó sí láti wo òkun ni ó ń dín agbára omi kù. Ọ̀rọ̀ gíga rẹ̀ fa àríyànjiyàn púpọ̀ nítorí àwọn ará àdúgbò kò fẹ́ kí wọ́n fi kọnkéré dí òkun mọ́ wọn lójú, wọ́n sì pe ìpàdé títí kí wọ́n tó gbé ṣọ́bìrì. Kódà nítorí àwọn ẹyẹ kan tó ń ti òkèèrè wá sùn síbẹ̀ nígbà òtútù, àwọn ibì kan wà tí wọn kì í ṣiṣẹ́ tó ń pariwo lásìkò yẹn. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo rántí àwọn apẹja yín. Bí a bá lè fi iṣẹ́ sí ìgbà nítorí ẹyẹ, a lè fi í sí ìgbà nítorí àwọ̀n.

Mo fẹ́ kìlọ̀ pé ẹ má ṣe daakọ ti Southsea bó ṣe wà. Omi ibẹ̀ máa ń wọ́ sókè sódò tó mítà 4 nígbà tí òṣùpá bá lé tuntun tàbí tó bá yọ kíkún, ti Èkó kò ju bíi mítà kan lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ ló sì wà létíkun wọn, kì í ṣe iyanrìn bíi tiyín. Bí mo bá jẹ́ yín ni, mà á béèrè fún ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ tó fẹ̀ tó ọkọ̀ apẹja, kí ó wà nínú àwòrán láti ọjọ́ kìíní. Bí wọn kò bá fi í sí i níbẹ̀rẹ̀, wọn kì í rí owó rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn.

Akọ̀wé Òkun Alfa fèsì pé:

Ẹ̀yin àgbà mi, ẹ kú ìrànlọ́wọ́. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sétí àwọn ìjòyè lálẹ́ àná, àwọn apẹja sì ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì ní pàtàkì. Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò kọ sínú ìbéèrè mi, ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi àrùn pamọ́ fún oníṣègùn, ara rẹ̀ ló tàn jẹ. Àwọn kan láàrin wa ń wa iyanrìn etíkun tà fún àwọn tó ń gbọ̀n ọ́n ṣe búlọ́ọ̀kù. Òru ni típà máa ń wọlé. Wọ́n ní kí ni iyanrìn típà kan lè ṣe fún òkun. Ẹnjiníà, ṣé èyí tó nǹkan tí a lè fi kún ẹjọ́, àbí ti òkun ló pọ̀ jù? Mo tún fẹ́ béèrè nípa àwọn ará abúlé tó wà ní ìlà-oòrùn wa. Bí wọ́n bá na apá òkúta dé iwájú tiwa, ṣé àwa náà kò ní di ẹni tí ó ń fi ebi pa aládùúgbò bí èbúté ṣe fi ebi pa wá?

Àgbà Ọbáléndé fèsì pé:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì fẹ́ yà kúrò díẹ̀ lójú ọ̀nà tí Ẹnjiníà gbà. Ó sọ òótọ́ nípa iyanrìn, àmọ́ mo gbọ́ ọ bí ẹni pé ó fojú kéré ògiri. Mo ti rìn nínú omi iyọ̀ rí ní Ahmadu Bello Way ní Victoria Island, tí iyanrìn bo ọ̀dà mọ́lẹ̀, tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ilẹ̀kùn, tí ìjọba sì fi igi dábùú ọ̀nà. Ọdọọdún ni. Lónìí, ọ̀nà yẹn gbẹ, ògiri ló sì mú un gbẹ. Ẹni tí òkun kò bá wọ ilé rẹ̀ rí lè máa ka iye owó ògiri. Ẹni tó ti fi báálì gbọ́n omi kúrò lórí ibùsùn ọmọ rẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ohun kan wà tí ó ń dun èmi náà. Bar Beach jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Tálákà ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ọdún láìsan kọ́bọ̀, ìjọ Aladura ń gbàdúrà níbẹ̀ ní òru, àwọn oníṣòwò kéékèèké ń jẹun níbẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n gbà padà lọ́wọ́ òkun ti di ilẹ̀ títà fún olówó, àwa tó mọ etíkun náà kò sì rí ibi tẹsẹ̀ bọ omi mọ́. Ní oṣù Kẹjọ 2012, nígbà tí òkun ya wọ Kuramo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, tó gbé àwọn tó ń sùn nínú ahéré lọ lóru, ènìyàn tó kú lé ní mẹ́wàá. Àwọn kan di ẹ̀bi náà ru iṣẹ́ ilẹ̀ tuntun yẹn, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà sì ní ọwọ́ àwọn mọ́. Èmi kì í ṣe onímọ̀, n kò dá ẹjọ́. Mo kàn mọ̀ pé àwọn tó kú kò sí lẹ́yìn ògiri ẹnikẹ́ni, wọn kò sì sí nínú àwòrán ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín ní lẹ́tà gàdàgbà pé etíkun tí wọ́n bá tún ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ará ìlú títí láé, kí ẹnikẹ́ni má gbé géètì sí i.

Ẹnjiníà Èbúté fèsì pé:

Bàbá Ọbáléndé, mo gbà lẹ́nu yín, mo sì tọrọ gáfárà bí ọ̀rọ̀ mi bá dún bí ẹni tó fojú kéré omi nínú ilé. Níbi tí ilé àti ọ̀nà bá ti sún mọ́ òkun débi pé àyè kò sí mọ́, ògiri nìkan ló kù, èmi náà ti mọ ọ́n rí. Òkun Alfa kò tíì dé ibẹ̀ pátápátá, ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá ohun tí yóò dá iyanrìn padà.

Akọ̀wé, ẹ ṣeun tí ẹ sọ òtítọ́ nípa típà. Típà kan kò jẹ́ nǹkan kan lójú òkun. Ṣùgbọ́n bí típà mẹ́wàá bá ń wọlé lóru, kúbíìkì mítà 150 ni, ohun tó sì lé ní 50,000 ni yóò jẹ́ lọ́dún kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ láti iwájú abúlé kan ṣoṣo. Òkè iyanrìn tó wà lẹ́yìn etíkun ni wọ́n sábà máa ń wà, òun gan-an sì ni ìfowópamọ́ etíkun, nítorí ibẹ̀ ni ìgbì ti ń yá iyanrìn nígbà ìjì, tó sì ń dá a padà nígbà tí òkun bá rọ̀. Bí ẹ bá kọ̀wé sí ìjọba láìdá èyí dúró, lẹ́tà kan láti ọwọ́ aṣojú wọn ti tó láti fi pa yín lẹ́nu mọ́. Ẹ dá a dúró lọ́la. Ẹ jẹ́ kí gbọ̀ọ̀rọ̀ ayaba àti àwọn koríko tó ń fà lórí iyanrìn padà hù síbẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sun ún. Gbòǹgbò wọn ń di iyanrìn mú lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìbéèrè yín nípa aládùúgbò ni ó wú mi lórí jù, nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè ṣẹlẹ̀. Wọ́n kọ́ èbúté Kútọnu ní àwọn ọdún 1960, àwọn àdúgbò tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀ sì ni òkun wá ń jẹ. Wọ́n na apá òkúta láti gba díẹ̀ nínú wọn, ìjẹra náà sì tún sún síwájú. Èbúté Lẹkki tí wọ́n ṣí ní 2023 náà ní ògiri òkúta tó wọnú òkun, àwọn tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀ ni ó yẹ kó máa ṣọ́ra. Ọ̀nà tí a fi ń dín in kù wà. Kí wọ́n fi iyanrìn kún àárín àwọn apá náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe wọ́n, kí wọ́n má dúró de èyí tó ń rìn bọ̀, kí iyanrìn tó kù lè rí àyè fo kọjá sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Kí àwọn apá tó gbẹ̀yìn máa kúrú sí i díẹ̀díẹ̀, kí òpin rẹ̀ má jẹ́ bí ẹni já lójijì. Kí iyanrìn tí wọ́n bá ń kó lẹ́nu ọ̀nà èbúté nígbà tí wọ́n bá ń mú un jìn má lọ sínú ibú mọ́, ìhà ìlà-oòrùn ni kí wọ́n dà á sí, nítorí pé ti ibẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Tí mo bá ní agbára láti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sínú ìwé yín, èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni mà á fi sí i.

Ní ti ògiri àti ọ̀nà ìgbafẹ́ àwọn ọ̀dọ́, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n béèrè fún òkúta gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré lẹ́yìn etíkun, níwájú ilé tó sún mọ́ omi jù nìkan, kí ọ̀nà ẹsẹ̀ wà lórí rẹ̀, kí ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ ọkọ̀ apẹja gba àárín rẹ̀ kọjá bí Ìyá Ìbejì ṣe wí. Etíkun tó fẹ̀ níwájú rẹ̀ ni yóò máa gba ìyà dípò rẹ̀. Kí ẹ tó fi ìwé ránṣẹ́, ẹ wá ohun kan tí kò lè ṣí nípò, bí òpó ṣọ́ọ̀ṣì tàbí igun mọ́sálásí, kí ẹ máa fi tépù wọn ún láti ibẹ̀ dé ibi tí omi ga dé, lọ́jọ́ kan náà lóṣooṣù, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Ìwé tó ní òǹkà ọdún kan nínú kò ṣeé sọ pé ẹkún lásán ni.

Akọ̀wé Òkun Alfa fèsì pé:

Ẹnjiníà, Bàbá, Ọmọ Ìlàjẹ, Ìyá Ìbejì, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Baálẹ̀ ti pàṣẹ pé kí típà kankan má wọ etíkun mọ́ láti ọ̀la, bí wọn yóò ṣe gbọ́ ni n kò tíì lè sọ. Tépù alámítà 50 wà ní ilé ìwé wa. Òpó ilé omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíláàsì mi ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà, lásìkò tí omi bá kún tán.